Jíìnì Ni Wọ́n Ní, Bàbá Mi, Kì í Ṣe Jínnì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Kí Ọlọ́hun túbọ̀ bá wa fẹ ibojì yín lójú, kí Ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù máa fẹ́ sí yín níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn ooru. Ara tèmi le, àfi orúnkún tí mo jogún lọ́dọ̀ yín yìí, tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ dìde lórí ìrun.

Ọ̀rọ̀ ogún gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí. Ẹ má jáyà, kì í ṣe ogún ilé. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan jà. Ilé yín ní Ìkàrẹ́ ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, ibi tó ń jò nígbà ayé yín náà ló ṣì ń jò, Ràfíù àbúrò mi sì ṣì ń ṣèlérí pé òun máa gun òrùlé náà lọ́la. Ogún orí ni mo ń sọ. Wọ́n ní nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí òbí máa ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń fi imú àti àtàǹpàkò lé e lọ́wọ́. Mo sì ń wá ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ẹ ti fi tiyín lé mi lọ́wọ́ láìsọ fún mi.

Láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni mo ti ń gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ jọ ẹ̀fẹ̀. Mo wá fóònù mi títí, mo ní kí aládùúgbò bá mi pè é, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ike ẹ̀wà. Oníbàárà kan wá ra péńtì funfun ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé aláwọ̀ ewé lé e lọ́wọ́, péńtà tó gbà síṣẹ́ kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó fi kun yàrá ìyàwó oníbàárà náà tán kí wọ́n tó pè mí. Mo ti ń kó ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu, àfi bí ìyàwó ṣe ní òun fẹ́ràn rẹ̀, pé ọkọ òun kò mọ nǹkan tó dára tẹ́lẹ̀. Ọlọ́hun ló bò mí láṣìírí.

Ṣùgbọ́n ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń wá kọ́kọ́rọ́. Mo tú báàgì, mo gbọn ìró, mo ń gba inú imú ṣépè fún ẹni tó jí i. Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí títí, wọ́n ní kí n yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lẹ́nu kí n tó máa bá a wí. Eyín ni mo fi dì í mú. Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wọlé tán ni mo jókòó lórí agolo péńtì, tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Fìlà ni tiyín fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó dé fìlà, ẹ ó máa wá fìlà, a ó sì máa fi yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn fìlà, ó kan ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ wa mọ́tò láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà títí irùngbọ̀n yín fi funfun, tí ẹ máa ń fọ́nnu pé ẹ lè di ojú kí ẹ wa gbogbo kọ́nà òkè Ọ̀kà, ẹ dúró lẹ́nu géètì wa lọ́jọ́ kan, ẹ ń bi ọlọ́kadà léèrè ibi tí Ọ̀kà wà. Lẹ́yìn ọ̀nà, ó kan èmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò lè bá mi jiyàn mọ́. Ẹ gbàgbé orúkọ mi. Ẹ rántí Ràfíù. Ẹ rántí ìyá rẹ̀, aya yín. Kódà ẹ rántí òbúkọ yín, Ọ̀gá, tí a ti pa jẹ ní Iléyá ọjọ́ pípẹ́, ẹ sì ń bèèrè bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n bí èmi tí mò ń po ògì yín, tí mò ń gé èékánná yín, bá ti yọjú, ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó ní Àdùkẹ́ dé. Àdùkẹ́ wo? Kò sí Àdùkẹ́ nílé wa. Àwa ará Àkókó kì í fi bẹ́ẹ̀ pe ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dáhùn kí ògì má baà tutù, màá sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ nu ojú mi. Kí ni mo ṣe fún yín, Bàbá mi, tó fi jẹ́ pé èmi lẹ kọ́kọ́ gbàgbé?

Ìyá Ràfíù ní tiwọn kò wá ìdáhùn jìnnà. Wọ́n ní obìnrin ni. Wọ́n ní dírẹ́bà kò ṣeé fọkàn tán, pé ìgbà tí ẹ ń ná Òkè-Àgbè lọ́jọ́ ọjà lẹ ti rí i. Ẹ̀yin ń ṣàìsàn, ẹ ń mu ògì, wọ́n ń jowú lórí yín. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Àgbè, wọ́n wádìí títí wọ́n fi rí Àdùkẹ́ kan, ìyá arúgbó tí kò ní ẹyọ eyín kan lẹ́nu, tí kò mọ̀ yín rí. Nígbà tí wọ́n padà dé, a rò pé ọkàn wọn ti balẹ̀. Wọ́n ní eyín yẹn lè ti wà níbẹ̀ nígbà náà.

Nítorí ìtìjú yìí la ṣe fi ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, Màmá Ọ̀kà. Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá wò yín. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bèèrè yín, wọn a ní Àkànní àwọn ńkọ́, a ó ní ẹ ti jẹun. Mo rò pé ìnagijẹ ìgbà èwe yín ni Àkànní, mi ò bèèrè rí. Ta ni yóò sì sọ fún àgbà obìnrin pé àbúrò rẹ̀ ń ké pe àlè lórí ibùsùn?

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dọ́kítà tó dá mi lóhùn kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Ọmọ Ìkún ni, Tóyìn lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọjọ́ tí a wà, kí n ka oṣù ọdún láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, kí n ya aago. Mo ya aago tó dára ju ti ògiri wọn lọ, torí ti ògiri wọn ti kú. Ó ní orí mi pé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ru díẹ̀, mi ò sì sùn dáadáa, pé ẹni tó bá ń ro nǹkan púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè ṣàìgbàgbé kọ́kọ́rọ́. Mo ní bàbá mi ńkọ́? Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí n sọ̀rọ̀ bàbá mi fún òun.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní òun wà lára àwọn kan ní yunifásítì tó ń wádìí ìdí tí àgbàlagbà kan fi ń gbàgbé, tí ọmọ ìyá rẹ̀ kì í sì í gbàgbé. Nǹkan tí wọ́n ń tọ pinpin ń jẹ́ jíìnì. Òun ni bàbá àti ìyá fi ń ṣẹ̀dá ọmọ, ó sì wà nínú gbogbo ara, láti èékánná dé ọpọlọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo jíìnì ló ń sọ̀rọ̀ níbi gbogbo. Èyí tó ń pariwo nínú ẹ̀dọ̀ lè máa sùn nínú ọpọlọ. Mo ní kí ó dúró ná. Mo bi í bóyá ó dà bíi rédíò bàbá mi. Ṣé ẹ rántí rédíò inú mọ́tò yín, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, tó jẹ́ pé ẹ̀mú lẹ fi ń yí i? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀mú bá yẹ̀ díẹ̀, ó lè dákẹ́ lọ, ó sì lè pariwo débi tí èrò ẹ̀yìn á fi máa bẹ̀ yín. Tóyìn pàtẹ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó ní ìyàtọ̀ bíńtín ló wà láàárín jíìnì tèmi àti ti ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ náà kì í sì í yí ohun tí jíìnì ń sọ padà, bó ṣe ń pariwo tó nínú ọpọlọ ni wọ́n ń yí. Bí èyí tó yẹ kó rọra bá ń pariwo, tí èyí tó yẹ kó sọ̀rọ̀ bá dákẹ́, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè kan ìrántí èèyàn lọ́jọ́ ogbó. Inú mi dùn pé ó yé mi. Ẹ̀rù sì bà mí pé ó yé mi.

Ẹ̀yin ti lọ, a kò lè gba ẹ̀jẹ̀ yín mọ́. Tóyìn ní bí ìdílé wa bá máa wúlò fún ìwádìí náà, àfi kí àwọn rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá yín kan tó ti dàgbà dáadáa tí kì í gbàgbé, kí wọ́n fi í wé tèmi àti ti Ràfíù. Mo ní mo ní ẹnì kan. Mo ní orí rẹ̀ pé débi tó fi ń yọ gbogbo ẹbí lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gun òkè Ọ̀kà lọ lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Tóyìn. Màmá Ọ̀kà wà níta, wọ́n ń yan ẹ̀pà, wọ́n ń bá adìyẹ kan wí bí ẹni ń bá ìyàwó ilé wí. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n bi Tóyìn ní agboolé rẹ̀ ní Ìkún, wọ́n sọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ fún un, wọ́n sì sọ ọmọge tí bàbá náà kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ tí kò gbà, kó tó wá fẹ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ náà kò gbọ́ ìyẹn rí láyé rẹ̀. Ìdùnnú mú un, ó kọjú sí mi, ó ní irú orí yìí gan-an làwọn ń wá. Bàbá mi, nínú Nàìjíríà tí a wà yìí! Mo rí i tí ọwọ́ Màmá lọ sí ìdí gèlè wọn.

Èyí tó tẹ̀lé e ló bà á jẹ́ pátápátá. Tóyìn fara balẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó dán, pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ Màmá díẹ̀ nítorí jíìnì tó wà nínú ọpọlọ. Ẹ sì mọ etí ẹ̀gbọ́n yín. Jínnì ni wọ́n gbọ́. Jínnì, irú èyí tí alfa máa ń fi Àyátù Kúrúsíyù lé. Wọ́n gbé agbada ẹ̀pà kúrò lórí iná. Wọ́n bèèrè pé jínnì inú ọpọlọ ta ni? Tóyìn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ní gbogbo wa la ní in. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wa la ti jogún rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń pariwo, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń jí. Mò ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kọbi ara sí i. Ó ní ó jọ pé èyí tó wà lórí bàbá mi jí, òun ló mú wọn gbàgbé ọ̀nà ilé, àwọn sì fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi náà máa jí.

Màmá Ọ̀kà dìde láìdi nǹkan kan mú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní kò sí jínnì nílé bàbá àwọn rí, pé bí ó bá wà lórí mi, kí n lọ wádìí rẹ̀ nílé ìyá mi. Wọ́n ránṣẹ́ pe Alfa Sùlè tó ń gbé nísàlẹ̀. Alfa dé pẹ̀lú kẹ́tùlù, wọ́n bi Tóyìn léèrè bí àgbà tó mọṣẹ́, pé irú jínnì wo ni, mùsùlùmí ni àbí kèfèrí? Tóyìn ní jíìnì kò ní ẹ̀sìn, bákan náà lọmọ ṣe orí. Alfa mirí. Wọ́n ní irú ìyẹn ló máa ń le jù. Wọ́n kéwú sómi, wọ́n bù ú dà sí wa lára, wọ́n bù sí àpótí abẹ́rẹ́, wọ́n bù sí ẹ̀pà. Omi ń kán tótó lórí wíìgì Tóyìn, ó kúnlẹ̀, ó ń sọ pé ẹ ṣeun, sà. Ilé rere ni wọ́n ti kọ́ ọmọ yẹn.

Mo wá bẹ Alfa kí wọ́n gbọ́ mi. Mo ní igbá kì í ṣe ìgbà, oko kì í ṣe ọkọ, ìyàtọ̀ bíńtín orí ọ̀rọ̀ ló ń da ilé rú. Mo ṣe àlàyé jíìnì fún wọn, mo fi rédíò yín kún un. Alfa tí ẹ máa ń gbé lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ rédíò náà dáadáa, wọ́n ní etí òsì àwọn kò tíì bọ̀ sípò títí di òní. Ó yé wọn. Wọ́n bi Tóyìn pé, bí ẹnikẹ́ni kò bá la orí, báwo làwọn dọ́kítà ṣe ń mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Mo mọ̀ pé kò yẹ kó dáhùn. Ó dáhùn. Ó ní lókè òkun, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kú, wọn a fi ọpọlọ wọn sílẹ̀ fún ìwádìí, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń túmọ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alààyè. Màmá Ọ̀kà fi ọwọ́ méjèèjì di orí wọn mú. Wọ́n fi èdè Ọ̀kà bi mí, kí Tóyìn má baà gbọ́, pé ṣé mo ti tà wọ́n ni? Wọ́n bi Alfa bóyá ó tọ̀nà kí mùsùlùmí fi ọpọlọ sílẹ̀. Alfa ní ti màlúù nìkan ni àwọn ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, pé ata díndín ló bá a mu.

Màmá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí n mú àlejò mi, kí a máa sọ̀ kalẹ̀. Tóyìn ti ń pa àpótí rẹ̀ dé. Mo sì mọ̀ pé bí àpótí yẹn bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ lófìfo, kò sí ẹni tí màá tún bi ní ìbéèrè mi mọ́.

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá mi, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ẹkún mi àti ìbínú mi ń gbà jáde. Mo ní mi ò ta orí ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Mo ní mi ò fẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí màá wo ojú ọmọ tí mo bí tí mi ò ní mọ̀ ọ́n, bí bàbá mi ṣe wo ojú mi. Mo ní òbúkọ tí a ti jẹ tán, ẹ rántí ẹ̀, èmi tí mò ń gé èékánná yín, ẹ kò rántí mi. Kí n tó fa ẹnu mi sẹ́yìn, ohun tí gbogbo ilé fi pamọ́ ti bọ́ sílẹ̀. Mo ní títí tí ẹ fi kú, orúkọ àlè yín lẹ fi ń pè mí. Mo ní Àdùkẹ́ lẹ ń pè mí.

Alfa ń wo kẹ́tùlù wọn. Màmá Ọ̀kà rọra jókòó padà, wọ́n tẹ orí ba, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ní mo dáràn, mo ti pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi kún un. Àfi ìgbà tí gèlè bọ́ lórí wọn tí mo rí ojú wọn. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń ti ara wọn mọ́ ògiri. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní:

"Àlè wo? Ìwọ ni Àdùkẹ́."

Wọ́n ní ṣé mo gbàgbé pé ọ̀nà Ìlọrin ni bàbá àwọn ti fẹ́ ìyá àwọn? Wọ́n ní ìyá yín kì í pe ọmọ ní orúkọ lásán, oríkì ni wọ́n fi ń pe ọmọ. Wọ́n pe ẹ̀yin ní Àkànní, wọ́n pe Màmá Ọ̀kà ní Àníkẹ́. Nígbà tí ìyá tó bí mi kú tí mi ò tíì rìn, Ọ̀kà níbẹ̀ ni ìyá yín gbé mi pọ̀n wá, orúkọ Àdùkẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ti já èrò sílẹ̀, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé Ọ̀kà lẹ ó ti máa pariwo Àdùkẹ́, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Mo bi Màmá bóyá mo máa ń dáhùn. Wọ́n ní màá sáré títí màá fi ṣubú, pé àpá iwájú orí mi yìí, ibẹ̀ ni mo ti gbà á.

Wọ́n ní ọjọ́ tí ìyá yín kú lẹ pe orúkọ náà kẹ́yìn. Ẹ ní bí ẹ bá pè é, ohùn ìyá yín lẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ mú mi lọ sí Ìkàrẹ́, ẹ fẹ́ Ìyá Ràfíù, ẹ fi orúkọ mìíràn mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èmi sì gba èyí tí wọ́n ń pè mí.

Torí náà, Bàbá mi, ta ló gbàgbé nínú àwa méjèèjì?

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò tijú Alfa. Màmá fi mí sílẹ̀ kí n sun ún tẹ́rùn, wọ́n bu ẹ̀pà fún mi, èyí tí wọ́n ti kéwú sí. Nígbà tó yá, wọ́n ní bó bá jẹ́ ti ìgbàgbé ni mò ń tìtorí ẹ̀ bẹ̀rù, kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Wọ́n ní láti kékeré lẹ ti ń gbàgbé, kì í ṣe àìsàn nígbà yẹn, bí Ọlọ́hun ṣe dá yín ni. Wọ́n ní ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa mọ́tò, ọmọge kan sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà láti lọ tọ̀ nínú igbó, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹ wa mọ́tò dé Ìkàrẹ́ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ẹ padà lọ bẹ̀ ẹ́, ó bú yín títí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá mi nìyẹn! Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi rí? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú dírẹ́bà tó bá gbàgbé ẹrù èrò! Bí kò bá sí ìgbàgbé yín, ta ni ì bá jókòó lórí agolo péńtì máa gbọ̀n?

Ibi tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí ni Màmá ti ń wo ọwọ́ mi. Mo ń bó ẹ̀pà jọ sí itan, mi ò tíì jẹ ẹyọ kan. Ẹ̀yin náà nìyẹn, tí ẹ máa ń bó gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, tí Ràfíù á sì ti jí ìdajì rẹ̀. Wọ́n bi Tóyìn bóyá ìyẹn náà wà nínú jíìnì. Tóyìn ní òun kò lè sọ. Màmá ní àwọn lè sọ. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n na apá, wọ́n ní kí ó máa gbà á, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, orí àwọn ń lọ sí ibojì pẹ̀lú ìyókù ara. Alfa náà ká apá tiwọn sókè. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n bá àwọn wo èyí tó ń mú àwọn sùn nígbà tí alfa ẹlòmíràn bá ń ṣe wáàsí. Tóyìn ní àwọn kò nílò ti Alfa. Ó dùn wọ́n díẹ̀.

Ìyá Ràfíù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sunkún, wọ́n bẹ̀ yín, lẹ́yìn náà wọ́n pòṣé pé ẹ ì bá sọ ọ́ kí àwọn má baà fi ìtìjú wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Àgbè. Wọ́n gbé iṣu lọ fi bẹ Àdùkẹ́ aláìléyín ọ̀hún. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́ báyìí. Lórí fóònù ni wọ́n wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ yín láìdáa.

Ìdáhùn ńkọ́? Kò sí ìdáhùn, Bàbá mi. Tóyìn kò tàn mí. Ó ní ìwádìí náà máa pẹ́, pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n máa kó pọ̀ kí wọ́n tó rí nǹkan gidi sọ, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé mo jogún èyí tó wà lórí yín, jíìnì kan kì í dá ìdájọ́ ṣe. Kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, kí n máa sùn, kí n yé fi ẹnu gbé kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí nígbà míì. Mi ò ní purọ́ fún yín. Lánàá, mo bá ara mi ní yàrá, mi ò sì mọ ohun tí mo wá mú.

Ṣùgbọ́n mo ti pe ọmọ mi jókòó, mo sọ fún un. Mo ní bó bá di ọjọ́ kan tó pè mí ní Mọ́mì tí mi ò dáhùn, tó pè mí ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi tí mo ń wò ó bí àlejò, kó má sunkún, kó má sì wá àlè kankan lọ sí Òkè-Àgbè. Kó lọ dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kó pariwo Àdùkẹ́. Màá sáré wá.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ yín. Ẹ bá mi kí ìyá mi, ẹ sì tún tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn nítorí ọjọ́ tí ẹ gbàgbé wọn sí etí igbó.

Ọmọ yín tí ẹ kò gbàgbé,

Àdùkẹ́.